Tofail Ló Wà Nínú Sàréè Jumo

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí Tofail sọ kẹ́yìn láyé.

Orí òkúta èbúté ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Okùn àwọ̀n ló fà á lu irin ọkọ̀ lójú agbami, egungun ìhà rẹ̀ ti wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń yọ létí ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ etíkun lóṣòó tì í, ó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ó ń wo àwòrán, ó ń wo ojú, ó tún ń wo àwòrán. Ó bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Tofail ní, "Jumo. Jumo ọmọ Umer." 

Mọ́tò tó ń gbé aláìsàn wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìnyín, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń mu tíì. Kò sí ẹni tó sọ pé kò sí mọ́tò, kò sì sí ẹni tó sọ pé kò sí epo. Ohun tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkùnrin náà títí òun yóò fi mọ ẹni tí í ṣe. Àwòrán inú káàdì kò jọ ojú tó wà nílẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n là á yé òun. Ó béèrè lọ́wọ́ atọ́kọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún padà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kú. Nígbà tí ìbéèrè tán, èémí náà ti tán. Ọ̀gá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jumo ọmọ Umer, apẹja, kú ní èbúté.

Jumo kò kú. Lákòókò yẹn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lódìkejì ọ̀sà, ó ń so ìwọ̀ mọ́ okùn. Èmi fúnra mi ni mo wa ọkọ̀ lọ sọ fún un pé ó ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì lè máa bi mí pé kí ló dé tí ènìyàn á fi máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ jẹ́ kí n fi òmíràn dá a lóhùn. Bàbá Tofail ti ilẹ̀ Bengal wá sí Karachi nígbà tí Bengal àti ìhín ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kó láti yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì nínú ilé kan náà, ṣé àlejò là ń pè é? Nígbà tí ilé pín sí méjì, wọ́n ní àwa ọmọ Bengal tó wà nínú yàrá yìí kì í ṣe ọmọ ilé mọ́. Kada Para, létí omi níbí, ni wọ́n ti bí Tofail. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Tofail lọ sí ọ́fíìsì káàdì, wọ́n ní kó mú káàdì bàbá rẹ̀ wá. Bàbá rẹ̀ ti kú láìní in. Wọ́n ní kó mú ti bàbá bàbá rẹ̀ wá. Ó bi wọ́n bóyá kí òun gbé ṣọ́bìrì lọ sí Bengal. Wọ́n lé e jáde.

Ẹni tí kò ní káàdì kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ apẹja. Kò lè ra nọ́ńbà fóònù lórúkọ ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á kàwé dé ibi tí wọ́n bá ti béèrè ìwé ìbí, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró ní ìkóríta, ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Bí àpò bá ṣófo, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin wa kì í tilẹ̀ dé ìkóríta. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jókòó nídìí edé, wọ́n ń bó o nínú omi yìnyín títí awọ ìka wọn yóò fi máa ṣí bí èèpo edé náà. Edé yẹn ń lọ sí òkè òkun. Ó ní ìwé, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Edé ní ìwé ìrìnnà, ẹni tó bó o kò ní.

Nítorí náà a máa ń yá orúkọ.

Jumo ní káàdì. Ọmọ Sindh ni, ìpínlẹ̀ tí Karachi wà, àwọn baba rẹ̀ ti ń pẹja nínú ọ̀sà yẹn kí ìlú ńlá yìí tó tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró já lù ú lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì gba ọkọ̀ tó ń mì mọ́. Òun àti Tofail ti jọ ń fa àwọ̀n láti ìgbà ọ̀dọ́ nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Òun ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Káàdì mi ń sùn nínú àpótí, ẹsẹ̀ tìrẹ ń sùn nílé. Jẹ́ ká jí àwọn méjèèjì." Kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí Tofail ti agbami dé tí kò kọ́kọ́ mú ẹja tó dára jù nínú ìpín rẹ̀ lọ fún ìyá Jumo kó tó lọ sílé ara rẹ̀. Á jókòó síbẹ̀, á máa dá Jumo lágara. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ni Jumo lórí omi, ó yẹ kí ìyàwó Jumo máa gbọ́únjẹ sílẹ̀ de òun. Jumo á ní, "Orúkọ ni mo yá ẹ. Tún káàdì náà wò dáadáa, ìyàwó kò sí níbẹ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é rèé, nítorí ibẹ̀ ni ikú yìí ti rí ọ̀nà wọlé. Bí wọ́n bá ti tú okùn ọkọ̀ ní èbúté, orúkọ ilé ti di èèwọ̀. Orúkọ inú káàdì nìkan ni wọ́n ń pe ara wọn, bí wọ́n ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ń jẹun, kódà bí wọ́n ń bú ara wọn. Ẹni tó bá ṣèèṣì pe orúkọ ilé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni yóò fọ gbogbo ìkòkò títí wọn ó fi padà sí èbúté. Kí ahọ́n má baà yọ̀ níwájú ẹ̀ṣọ́ ni. Nígbà tó bá fi pẹ́, ahọ́n kì í yọ̀ mọ́ lóòótọ́. Nígbà tí okùn gbá Tofail, Jumo ni gbogbo wọn kígbe. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tí í ṣe, Jumo ni gbogbo wọn dáhùn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kọ́ tí ìbẹ̀rù kọ́ wọn ni wọ́n kà jáde.

Òun náà ńkọ́? Mo ti rò ó títí. Ó mọ̀ pé òun ń kú. Ó lè sọ orúkọ ara rẹ̀ kó fi simi. Ṣùgbọ́n bó bá ní "Tofail", a jẹ́ pé ọkọ̀ ti gbé ẹni tí kò ní káàdì, wọn á wá yẹ káàdì àwọn yòókù wò fínnífínní, gbogbo wọn á sì sùn sẹ́wọ̀n. Jumo pẹ̀lú. Ó fi èémí tó kù fún un bo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwà yẹn ni ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kọ sílẹ̀ láìmọ ohun tí òun ń kọ.

Jìnnà díẹ̀ sí òkúta náà ni ilé tí wọ́n ti ń bó edé wà. Monowara, ìyàwó Tofail, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Shirin là ń pè é. Ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé Jumo ti ṣèṣe. Gbogbo obìnrin tó jókòó níbẹ̀ mọ ẹni tí í ṣe Jumo lórí ọkọ̀ yẹn, gbogbo wọn sì wò ó. Kò sáré, kò sì sunkún. Ó dìde pẹ̀lú omi edé tó ń kán ní ọwọ́ rẹ̀, ó rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tó kàn fẹ́ wòran, ó dúró sáàárín èrò. Shirin ọmọ wọn kò tíì mọ nọ́ńbà kà tó ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní "Bàbá" ní èbúté. Ta ló kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀ yìí náà ni. Monowara wá dúró síbi tó jẹ́ pé bó bá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ti ọkọ rẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe ń kú, kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn rẹ̀, ó padà lọ jókòó sídìí edé nítorí pé aláboójútó ń wo òun. Ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ ló tó wá sí ilé wa, ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó ní kí n lọ sọ fún Jumo.

Ẹ̀yin tó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn tí kò ní káàdì ń jayé orílẹ̀-èdè yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ṣàlàyé ìgbádùn yìí fún mi.

Èmi àti Jumo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé òkú náà lọ. Ó ń tiro, mo ń mú un lápá. Nínú ìsìn wa òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. À ń wẹ̀ ẹ́, à ń kírun sí i lára, a ó sì sin ín kíákíá. A ti ń pẹ́. Òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì bi wá pé òkú ta la wá gbà. Jumo ní òkú Jumo ọmọ Umer. Ọkùnrin náà bi í pé kí ni òun àti òkú jẹ́ síra wọn.

Jumo ní, "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni òkú náà."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a má fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọlọ́pàá náà dàgbà díẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Jumo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un. Ó ní òun yá a ní káàdì, ó ní ẹni tó wà nínú yìnyín yẹn ń jẹ́ Tofail, ó níyàwó, ó sì bímọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i kí àwọn lè gbé e lọ sin. Ọlọ́pàá gbọ́ ọ tán, ó gbọn èèpo ẹ̀pà dànù lórí itan. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, fetí sílẹ̀. Bí o bá jẹ́ Jumo, ẹ̀wọ̀n lo ń lọ, ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún á sì di ẹni tí a kò mọ̀. Ẹni tí a kò mọ̀, pápá onínọ́ńbà ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Wọ́n á gún igi síbẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Jumo ló kú, kí ìyá Jumo wá gba ọmọ rẹ̀. N kò rí ẹ, o kò rí mi. Yan èyí tó wù ẹ́."

Ẹ wo òfin tí ẹ ṣe. Òtítọ́ yóò gbé Tofail lọ sí pápá onínọ́ńbà. Irọ́ ni yóò fún un ní sàréè. Ọlọ́pàá yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ṣàánú wa jù lọ́jọ́ náà. Bí àánú bá ti rí báyìí, kí ni ìkà yóò jọ?

A padà lọ sódìkejì ọ̀sà. Ìyá Jumo ń jẹ́ Hurmat, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, Jumo nìkan sì ni ọmọ tó kù fún un. Jumo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó là á yé e, kò fi ohun kan pamọ́. Ó ní bí ìyá bá tẹ àtàǹpàkò sí ìwé wọn, òun á di òkú lójú ìjọba, káàdì òun á kú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò tún jí. Ìyá bi í pé kí ni Tofail máa dì bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́. Jumo ní nọ́ńbà. Màmá ní kí n bá òun mú ìborùn òun.

Ní mọ́ṣúárì wọ́n fa àpótí yìnyín jáde. Jumo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ ní kí màmá wò ó dáadáa, kí ó sì sọ bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ wá iwájú orí Tofail, ó fi ọwọ́ sí i, ó ní ọmọ òun ni. Òṣìṣẹ́ ní ó ku ìtẹ̀ka, ó sì rán an létí pé bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí, wọn kì í yí i padà. Màmá yí ojú sí ibi ilẹ̀kùn. Kò lè rí ojú Jumo láti ibẹ̀, mo mọ̀ pé kò lè rí i. Jumo náà mọ̀. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́, Ìyá." Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a jáde, mo bi màmá bóyá ọkàn rẹ̀ kò gbọgbẹ́ nítorí irọ́ tó pa. Ó ní, "Irọ́ wo? Ẹja ta ni mo ti ń jẹ láti ọdún tí ẹsẹ̀ ọmọ mi ti kán? Ẹni tó ń bọ́ mi kì í ṣe ọmọ mi?" 

Sí itẹ́ òkú abúlé àwọn Jumo ni ìwé ní kí á sin ín, nítorí Jumo ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí Tofail fi ń wa àwa ọmọdé Kada Para lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni a fi gbé e kọjá ọ̀sà. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé yẹn nìkan ni kì í béèrè ìwé ìbí. Láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ló ń wa wá lọ. Bí a bá pẹ́, á bú wa. Á ní, "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, omi ti ń fà. Ṣé ẹ rò pé òkun máa dúró kí ẹ nu ikun imú tán ni?" Òun kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀wé kọ dáadáa, ó gbé agolo oúnjẹ rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ọ̀dà dúdú tí a fi ń dí ihò ọkọ̀, ó ní kí n kọ orúkọ òun sí i lára. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ó gbé agolo yẹn yí gbogbo Kada Para ká, ó ń sọ fún àwọn tí kò mọ̀wé pé kí wọ́n kà á.

Agolo náà kò rìnrìn àjò kankan pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ọmọọṣẹ́ Seth Yakub, olówó tó ni ọkọ̀ náà, rí i ní èbúté: káàdì ní Jumo, agolo ní Tofail. Wọ́n ní kó yan ọ̀kan. Tofail jókòó sórí okùn, ó fi ọ̀bẹ ẹja ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Nígbà tó dé, ó wò mí lójú, ó ní, "Má bínú, Akọ̀wé. Ìwé rẹ ló dára jù, wọ́n tètè ń kà á."

Obìnrin kì í sábà tẹ̀lé òkú dé itẹ́ òkú lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì dúró lẹ́yìn ògiri. Ọmọọṣẹ́ Seth Yakub náà wá, láti rí i dájú pé Jumo ni wọ́n ń sin. Nítorí náà Monowara jẹ́ aládùúgbò olóògbé. Ó bo ojú, ó di Shirin lọ́wọ́ mú, ẹni tó bá bi í léèrè á gbọ́ pé aládùúgbò ni. Lèmọ́mù kírun tán. Ó ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó ní Ọlọ́hun mọ orúkọ ẹrú Rẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Ọlọ́hun kọ́ ni mò ń bi léèrè.

Wọ́n ti gbé e sínú ilẹ̀, ọkùnrin kan ti mú ṣọ́bìrì, nígbà tí Ìyá Jumo ní kí wọ́n dúró. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ ilẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó di Monowara lápá mú, ó ń fà á bọ̀. Àwọn ọkùnrin yà fún wọn. Ọmọọṣẹ́ Seth Yakub la ẹnu, Jumo sì tiro lọ dúró síwájú rẹ̀. Màmá ní, "Pè é. A kò sí lórí omi mọ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bàbá Shirin ni Monowara ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ. Kí wọ́n tó bí i, "ẹ gbọ́" ló ń pè é. Lórí omi Jumo ni, nílé Bàbá Shirin ni, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Monowara wo inú ilẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ èdè tí kò gbọ́. Ó wá pè é, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan. "Tofail." Shirin gbójú sókè wò ó. Mi ò rò pé ọmọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Fóònù Jumo kú. Ilé ìtọ́jú tó ti ń gba egbòogi ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òkú kì í gba egbòogi. Ó lọ sí ọ́fíìsì káàdì, ó dúró lórí ìlà láàárín àwọn ará Kada Para tó ti mọ ìlà náà látọdún mọ́dún, wọ́n sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ẹ káàbọ̀ sílé. Nígbà tó dé iwájú, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé òun wà láàyè. Ẹ̀rí wo ni ẹni tó ń mí ń mú dání? Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Wọ́n ní kí ẹni tó kàn wá.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọkùnrin kan ni kò ní ìwé, wọ́n ti wá di méjì. Ẹni tó kú kò kú nínú ìwé yín, nítorí ẹ kò gbà pé wọ́n bí i rí. Monowara kì í ṣe opó. Opó ta ni? Shirin kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ẹni tó wà láàyè ló kú. Seth Yakub sì sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn ní èbúté pé òun kò ní òṣìṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ Tofail rí. Òtítọ́ ló sọ. Òun ló rí i dájú pé òtítọ́ ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti padà sí agbami, ẹlòmíràn ti dúró sídìí okùn yẹn, láti Kada Para níhìn-ín kan náà, wọ́n sì ti ń pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bó edé. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tí wọn kò gbọdọ̀ pè ní èbúté.

Àwọn kan kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá kọ èyí, mo máa kó Jumo sí wàhálà. Mo lọ bi í. Ó ní kí n kọ orúkọ òun gàdàgbà. Ó ní, "Wọn ò lè mú òkú. Bí wọ́n bá wá mú mi, a jẹ́ pé wọ́n gbà pé mo wà láàyè, ohun tí mo sì ń tọrọ náà nìyẹn." Ìyá rẹ̀ ní kí n fi tòun náà sí i, bí wọ́n bá fẹ́ mú òun, kí wọ́n wá tàwọn ti àga, nítorí òun kò lè rìn dé etí omi mọ́. Orúkọ àwọn tó kù nínú ọkọ̀ kò ní jáde lẹ́nu mi. Ẹni tó kú torí wọn ti sanwó ìyẹn.

Nítorí náà èmi kò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tó wà ní èbúté lọ́jọ́ náà jáde, kí ó sọ ìdí tó fi jẹ́ pé àwòrán ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ẹ̀jẹ̀, tí mọ́tò dúró tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kí àwọn tó rán an níṣẹ́ sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán an. Kí Seth Yakub dúró sórí òkúta yẹn kan náà, kí ó sọ ọ́ lóhùn òkè pé Tofail ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òun, ó sì kú lẹ́nu iṣẹ́ òun. Kí ọ́fíìsì káàdì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jumo ọmọ Umer wà láàyè. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé Tofail kú. Wọn kò fún un ní ìwé ìbí, ó kéré tán, kí wọ́n fún un ní ìwé ikú. Ìyẹn náà ni ìwé tí òun kò ní lè lò, tí kò ní lè fi jí nǹkan kan lọ nínú orílẹ̀-èdè wọn. Kí ló ń dẹ́rù bà wọ́n?

Lórí pákó tó wà lórí sàréè náà, Jumo ọmọ Umer ni wọ́n kọ. Monowara fún mi ní agolo oúnjẹ Tofail, ibi tó ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò ṣì ń dán. Mo rọ ọ̀dà dúdú sínú rẹ̀, mo lọ sí itẹ́ òkú, mo kọ Tofail sára òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ sàréè, gàdàgbà, bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹnì kan láti èbúté wá, ó ní kí olùtọ́jú itẹ́ òkú pa á rẹ́, ó pa á rẹ́. Mo tún lọ kọ ọ́. Wọ́n tún pa á rẹ́. Mo tún ti kọ ọ́ láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ èyí.

Ọ̀dà ṣì kù nínú agolo náà.